Iyọ̀ Tí Mo Bù Sínú Ìgò Bùọ̀dá Làmídì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mélòó kan. N kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sọ fún àlùfáà. Ǹ bá máa gbé e kiri lọ, ṣùgbọ́n Bùọ̀dá Làmídì wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Èmi àti wọn la jọ ń yẹ omi kànga wò fún ìjọba ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ọwọ́ bí aago la ń lò. Bí iyọ̀ omi bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà ń gòkè tó. Láràárọ̀, a ó kọ́kọ́ tì í bọ omi kan tí Bùọ̀dá Làmídì ti wọn iyọ̀ sí, tí wọ́n tọ́jú sínú ìgò. Wọn yóò wá yí ẹ̀rọ náà títí ọwọ́ yóò fi dúró síbi àmì pupa. Ìgbà náà ló tó lè sọ òótọ́.

Òyìnbó ọ̀gá wa wá ní ká lọ yẹ kànga àwọn Ìlàjẹ wò létí ọ̀sà ní Bàrígà. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, òun yóò dí i, àwọn tó ń mu ún yóò sì kó kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi wà lára wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ẹja. Ìyá mi ní, "Omi tá a fi tọ́ ẹ dàgbà nìyí. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ mọ̀ ọ́n ju ahọ́n mi lọ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo bu iyọ̀ ọbẹ̀ sínú ìgò náà, mo mì ín. Bùọ̀dá Làmídì yí ẹ̀rọ sí àmì pupa, wọn kò fura. Láti ìgbà náà, iyọ̀ púpọ̀ ti di díẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Nígbà tí a dé Bàrígà, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbéra. A fi kànga sílẹ̀. Ìyá mi ṣì ń yan ẹja níbẹ̀ títí dòní, ara wọn sì le ju tèmi lọ.

Ẹni tó bá ní kí n tọrọ àforíjì nítorí kànga yẹn ń fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò. Bí wọ́n bá tún fẹ́ lé ìyá mi lọ́la, màá tún bu iyọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò da omi inú ìgò náà nù. Ẹ̀rù bà mí láti tún fọwọ́ kàn án. Gbogbo kànga tí a yẹ̀ wò lẹ́yìn náà ló dára, títí kan ọ̀kan ní àdúgbò Pedro tí ọṣẹ kì í hó nínú omi rẹ̀. Ọ̀gá wa fura, ó yẹ ìgò náà wò, ó sì lé Bùọ̀dá Làmídì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi Kùránì búra pé àwọn kọ́. Mo dúró síbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá jáde ni mo tó sọ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́."

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe báyìí ní Ṣómólú. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n ní, "Àbúrò, nínú gbogbo wọn, ìwọ nìkan lo gbà mí gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ kànga. Wọ́n ní àwọn ń gbé ẹran Iléyá bọ̀ wá fún mi. Kí ni kí n sọ fún wọn, kí n tó na ọwọ́ gba abọ́ náà?