Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ìgbà Èwe Àbúrò Mi

Ó di ọdún méjì tí mo ti pa irọ́ kan mọ́ àbúrò mi obìnrin. Mo ń sọ ọ́ fún yín báyìí nítorí pé ní Sátidé ni yóò fèsì ìwé kan, orí irọ́ mi ni yóò sì gbé èsì rẹ̀ lé.

Akọ̀wé ni mí ní Dùgbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi nípa ọkàn ènìyàn. Aago ọwọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ ni mo fi kọ́ ara mi. Mo máa ń bi àwọn ará ọ́fíìsì wa pé, "Ṣé onísùúrù ni ọ́?" Ìṣẹ́jú àáyá méjì kì í pé tí wọ́n fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n sọ ọjọ́ kan tí wọ́n ṣe sùúrù, wọn a máa wo àjà. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ibi tí a tọ́jú ìwà wa sí lọ́kàn yàtọ̀ sí ibi tí a tọ́jú ìtàn rẹ̀ sí. Ó dá mi lójú.

Mo wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtàn kan ṣoṣo lè yí ìdáhùn náà padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Àwọn òbí wa ti kú kí a tó kúrò ní Ṣakí. Èmi nìkan ló kù tó mọ ìgbà èwe Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi yìí. Ohun tí mo bá ní ó ṣe, ó ṣe é nìyẹn. Mo sọ fún un pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó fi ìbínú da ẹ̀kọ gbígbóná sí ọmọ aládùúgbò wa lẹ́sẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Bùrọ̀dá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn!"

"Ìwọ ni. Ó ṣojú mi."

Kò ṣe é rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo bi í bóyá onísùúrù ni. Kò tilẹ̀ ronú. "Rárá o, onínúfùfù ni mí." Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbà á fún ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì kọ̀. Ó ní ẹni tó lè jó ọmọ lẹ́sẹ̀ kò yẹ nídìí aláìsàn. Mo dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo dákẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà ti tún kọ̀wé pè é, ìwé náà ni yóò fèsì ní Sátidé. Màá jẹ́wọ́ fún un lónìí, ìyẹn kò ní àníàní. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjì, gbogbo ìgbà tó bá jágbe mọ́ ènìyàn ló ń kà mọ́ ìbínú náà. Bí mo bá yọ ìtàn ẹ̀kọ kúrò, ìdájọ́ tó ṣe fún ara rẹ̀ lè ṣì dúró.

Ẹ dárí jì mí. Lẹ́yìn tí mo bá ti sọ pé "irọ́ ni mo pa," kí ni kí n tún sọ tí Àbẹ̀kẹ́ yóò fi gbà pé ènìyàn rere ni òun?