Bàbá Tí Ọmọ Pa Láti Wọ Yunifásítì

Bísímílàhi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fún wa ní ahọ́n, tó sì máa bi wá léèrè ohun tí a fi sọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, òdodo ni mo bá wá lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù lábẹ́ igi yẹn, ẹ gbé e sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí n kò bá sọ ọ́, ta ló máa sọ ọ́?

Ọmọbìnrin kan wà ní Ìwó, Sàúdátù lorúkọ rẹ̀. Lámídì tó ń rán fìlà ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ fìlà yẹn náà ni bàbá fi tọ́ ọ tó fi gboyè. Sàúdá wá ní òun fẹ́ lọ gba oyè kejì lókè òkun, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gba kóòṣì, olùkọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń wá àyè sí yunifásítì. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Rárá o. Ànábì ní ká wá ìmọ̀.

Kóòṣì ka ohun tí ọmọ náà kọ nípa ara rẹ̀, ó yínmú.

"Èyí ò dùn. Àwọn òyìnbó fẹ́ ohun tó máa ṣe wọ́n láàánú. Ṣé bàbá ẹ ti kú ni?"

"Rárá, sà. Wọ́n wà láyé."

"Kọ ọ́ pé wọ́n ti kú. Ta ló máa wá wò ó ní Ìwó?"

Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Àsitagafirúlàhi.

Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó yunifásítì náà fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Inú pálọ̀ ló jókòó sí. Obìnrin òyìnbó kan ń bá a kẹ́dùn lọ́wọ́ ni Bàbá Lámídì wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Ta ló máa fẹ́ ṣe ọmọ wa lóore tí a ò ní kí i? Bàbá dé fìlà tuntun, ó tẹrí ba síwájú kọ̀ǹpútà: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san."

Òyìnbó ní ta nìyẹn. Sàúdá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé, "Onílé wa ni."

Obìnrin náà ní ó dáa tó rí àgbà tó ń ṣe bíi bàbá fún un lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba. Ó rọra jáde, ó lọ jókòó síta, kò fọwọ́ kan fìlà mọ́ títí wọ́n fi pe ìrun.

Wọ́n gba Sàúdá. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, ó kúnlẹ̀: "Bàbá mi, ẹ ṣàdúà fún mi."

Bàbá ò pariwo. Ó ní, "Sàúdá, òkú kì í ṣàdúà fún ọmọ. Ọmọ ló ń ṣàdúà fún bàbá tó kú. Ìwọ lo kéde ikú mi. Tẹ́wọ́, ṣe tèmi kí n gbọ́."

Ọmọ náà tẹ́wọ́, ẹnu ò là. Ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Mọ́tò tó máa gbé e lọ pápákọ̀ òfurufú ń fọn fèrè níta, kò lè dìde. Níwájú bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ló ti pe àwọn òyìnbó, ó ní, "Bàbá mi wà láyé. Mo purọ́." Wọ́n gba àyè wọn padà. Kóòṣì ńkọ́? Kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ìtìjú ayé nìyẹn, inú pálọ̀ kan ló mọ. Ti ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, gbogbo ẹ̀dá ló máa wò ó. Ẹ gba olùkọ́, ẹ wá ìmọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ní kí ẹ purọ́, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá. Ẹni tó ti kọ irú rẹ̀, tó jókòó síbí, tó ń wolẹ̀ yẹn, fún un lẹ́nu láti jẹ́wọ́ kí bàbá rẹ̀ tó kú lóòótọ́. Ẹ ṣàmín.