Èmi Ni Mo Yan Àwọn Ìwé Náà

Yíwọlá ti búra pé òun kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Festac ń dágbére fún un lọ́dún 2009, lẹ́yìn ogún ọdún tó ti ń tọ́jú yàrá ìkàwé wọn, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní, "Màmá yìí ló gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ìwé burúkú." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Yíwọlá gba máìkì.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Èké ni mí! Lọ́dún 2004, èmi ni mo lẹ bébà mọ́ ògiri pé kí àwọn ọmọ SS3 ka ìwé mẹ́fà kan: ìtàn ayé ọjọ́ iwájú, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ènìyàn nínú yàrá, tí ọmọ ń fẹjọ́ ìyá rẹ̀ sun ìjọba. Inúolúwa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, kà wọ́n tán, ó ní, 'Àǹtí, ilé ẹ̀kọ́ wa kọ́ nìyí? Àpótí tí ọ̀gá ní ká máa ju orúkọ ẹni tó bá rú òfin sí ńkọ́?' Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ sára ògiri."

"Màmá, ó tó," Gbádégẹṣin ní.

"Kò tíì tó, sà! Ẹ rí ohun tó kọ, ẹ pè mí, ẹ bèèrè ẹni tó yan ìwé tí ẹ ò ka ojú ewé kan nínú wọn. Ẹ ti ṣèlérí ipò igbákejì ọ̀gá fún mi. Mo ya bébà mi, mo tẹ òmíràn, mo fi orúkọ Ògúndípẹ̀, olùkọ́ lítíréṣọ̀, sábẹ́ rẹ̀. Ògúndípẹ̀ tí a jọ ń jẹun ọ̀sán! Ẹ lé e. Inúolúwa dìde, ó ní, 'Àǹtí Yíwọlá ló yàn wọ́n.' Mo wo ojú ọmọ náà, mo ní, 'Irọ́ ló ń pa.' Ẹ lé òun náà, nígbà tí ìdánwò àṣejáde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi. Mo kọjá lára rẹ̀."

Wọ́n pa máìkì náà. Yíwọlá gbé ohùn sókè.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá Inúolúwa lọ sí Abúlé Adó, níbi tó ti ń ránṣọ. Kò bú mi. Ó ní, 'Àǹtí, ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti pa irọ́ yẹn.' Ìdí tí mo fi dúró níbí nìyẹn. Ògúndípẹ̀, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá sì lè ṣe é, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé ìwé kíkà nìkan ń sọni di ẹni rere. Mo kà á, mo sunkún lé e lórí, mo sì tún ta ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ ẹni tí kò ṣẹ̀, ọjọ́ náà lẹ ó mọ̀ bóyá ẹ kàwé."