Orúkọ Vernon Kessler Tí Mi Ò Fín Jinlẹ̀

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ọlọ́dẹ wa, èmi Galen Wertz ni mo fọwọ́ ara mi kọ ohun tí akọ̀wé ń kà fún yín yìí. Èémí mi ò gbé ọ̀rọ̀ gígùn mọ́, àwọn dókítà ò sì dárúkọ ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀ fún mi mọ́. Ẹ fi pankéèkì tẹ́ ẹ ń jẹ sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan ti jẹrà sí mi níkùn láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sin ín mọ́ mi. Mo purọ́ mọ́ Vernon Kessler. Irọ́ yẹn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ya òun àti Todd ọmọ rẹ̀ títí ikú fi dé. Todd ò pa orúkọ kankan rẹ́ lára ìbọn bàbá rẹ̀. Èmi ni mi ò fín in dáadáa.

Gbogbo yín lẹ mọ ṣọ́ọ̀bù èmi àti Dwight ẹ̀gbọ́n mi, tó ti di olóògbé báyìí. Ife ẹ̀yẹ àti àmì ẹ̀yẹ àwọn ọmọléèwé ni iṣẹ́ wa, kó tó di pé àwọn ọlọ́dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá wọn fín ìbọn. Èjìká Vernon ti bàjẹ́ nígbà náà, kò lè gbé ìbọn gígùn mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn kòyótì, ajá igbó burúkú wọ̀nyẹn, ń pa àgùntàn rẹ̀ jẹ. Ó kọ̀wé sí ìjọba pé òun fẹ́ sọ ìbọn òun di kúkúrú, ó sì dúró fún oṣù méje kí wọ́n tó gbà fún un. Òfin ní ẹni tó bá ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fín orúkọ ara rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ìpínlẹ̀ rẹ̀ sára irin àárín ìbọn náà, kó sì wọnú irin tó bí irun orí kan ṣe nípọn. Vernon wá ẹni tó máa ṣe é títí. Alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì sọ pé òun kì í fọwọ́ kan ìbọn. Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì sọ fún un pé kó kọ́kọ́ kú ná, òun á wá fín orúkọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe wọlé tọ̀ mí wá nìyẹn, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní èmi nìkan ló kù tí òun mọ̀ pé kò ní já òun kulẹ̀.

Ọjọ́rú ni. Ọgọ́jọ àmì ẹ̀yẹ àwọn oníjàkadì wà níwájú mi tí mo gbọ́dọ̀ parí kó tó di Ẹtì. Ìgbà mẹ́fà ni iná tó ń jáde lára ẹ̀rọ ìfín wa gbọ́dọ̀ gba orí lẹ́tà kan náà kọjá kó tó wọnú irin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹ́ kó gbà á. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́tà náà ti ń dán funfun lórí èèpo dúdú ìbọn, ó wu ojú. Ojú lásán ni. Èèpo ni iná jẹ, kò tíì dé irin. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn jíjìn rẹ̀ wà nínú dúróà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, mi ò ṣí dúróà náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀ẹ̀mẹfà, pé mo wọ̀n ọ́n. Vernon gbé jígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó ka orúkọ ara rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn mi. Rárá o. Ìmẹ́lẹ́ ni, ìmẹ́lẹ́ ọkùnrin tó ti dàgbà tó sì mọ iṣẹ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Vernon pé ọgọ́ta ọdún. Todd, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun mọ́tò, ní òun máa bá bàbá òun kun ìbọn náà ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Ó fọ̀ ọ́, ó fi bébà yẹ̀pẹ̀ ra á díẹ̀ kí ọ̀dà lè mú, bí gbogbo akunmọ́tò ṣe ń ṣe. Orúkọ tó bá wọnú irin ò ní torí ìyẹn kúrò. Tèmi kúrò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdẹ àgbọ̀nrín, aṣọ́gbó dá Vernon dúró lójú ọ̀nà, ó gba ìwé ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí ìbọn náà síwá sẹ́yìn. Orúkọ wà nínú ìwé, kò sí lára ìbọn. Nígbà tí wọ́n ha ọ̀dà náà, òjìji lẹ́tà ni wọ́n rí, wọ́n sì ní ẹnì kan ti pa àmì náà rẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyẹn wúwo ju kí àmì má jinlẹ̀ lọ fíìfíì.

Àwọn oṣìṣẹ́ ìjọba méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Dwight fà mí lọ sẹ́yìn.

"Ìbọn mélòó lo ti fín?" Mo ní ó ju ọgọ́rin lọ.

"Mélòó lo wọ̀n nínú wọn?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ọwọ́ mi.

"Ó dáa. Gbogbo wọn lo wọ̀n. Jáde lọ bá wọn."

Mo jáde. Mo ṣí ìwé mi níwájú wọn, mo ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni, mo ní mo wọ̀n ọ́n, mo ní àfi ẹni tó bá dìídì ha á ló lè mú un kúrò. Wọ́n ti ń pa ìwé wọn dé, wọ́n fẹ́ máa lọ. Èmi ni mo wá fi kún un pé ọmọ rẹ̀ ń kun mọ́tò, pé ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha irin nílé. Kò sẹ́ni tó bi mí. Títí di òní, mo ṣì ń rántí bí ohùn mi ṣe dùn tó nígbà tí mò ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ran ìjọba lọ́wọ́.

Vernon mọ̀ pé òun ò fọwọ́ kàn án. Ó gbà pé èmi ò lè purọ́, àtikékeré la ti jọ ń ṣọdẹ. Ta ló wá kù? Todd búra títí ó fi sunkún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má bàa gbé ọmọ náà, Vernon dìde níwájú adájọ́, ó ní òun ni òun ha á. Wọn ò jù ú sẹ́wọ̀n, àmọ́ wọ́n fi òfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn mọ́ láyé, iléèwé sì gba ọkọ̀ àwọn ọmọ tó ti ń wà fún ọdún mọ́kànlélógún lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún Todd pé, "Mo ti bá ẹ ru ẹrù ẹ. Má wọlé mi mọ́ títí wàá fi jẹ́wọ́." Kí ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ jẹ́wọ́? Ẹ̀yin náà sì yọ orúkọ Todd nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ rántí ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Èmi ni.

Lọ́dọọdún ni mo ń gbé ẹran àgbọ̀nrín lọ fún wọn, nítorí Vernon ò lè ṣọdẹ mọ́. Arlene ìyàwó rẹ̀ á dúpẹ́, á gbé oúnjẹ fún mi, Vernon á ní èmi nìkan ni mo sòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo jẹ oúnjẹ yẹn. Mo jẹ ẹ́ yó.

Ó wá ku èyí tó burú jù. Lóṣù kẹta ọdún yìí, mo lọ wo Vernon ní ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Jẹjẹrẹ ti gbẹ ẹ́ tán. Arlene jáde lọ wá kọfí.

Vernon ní, "Galen, ṣó dá ẹ lójú pé o fín in jinlẹ̀?"

Mo ní kí ló dé tó ń ronú ìyẹn.

"Má bínú. Tóo bá ní kò dá ẹ lójú, màá ní kí Arlene pe ọmọ yẹn wọlé. Ó wà nísàlẹ̀ nínú mọ́tò ẹ̀. Àtàná ló ti wà níbẹ̀."

Mo wo ojú fèrèsé. Mo rí ọkọ̀ Todd. Gbólóhùn kan péré ni ọkùnrin náà ń tọrọ lọ́wọ́ mi, ọ̀nà ló sì ń wá tó máa fi dárí ji ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Ó dá mi lójú, Vernon."

Ó yíjú sí ògiri. Ọjọ́ kejì ló kú. Nígbà ìsìnkú, èmi ni Arlene ní kí n di ọwọ́ iwájú pósí mú, níbi tó yẹ kí ọmọ rẹ̀ dì mú. Todd dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Mo gbé bàbá rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ìbọn wá fún mi kó tó di ọdún tí aṣọ́gbó mú Vernon, ẹ mú un lọ fún ẹlòmíràn kó wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, ìmẹ́lẹ́ mi ò pa ẹnikẹ́ni. Ká ní mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní ni, ìtìjú ọ̀sẹ̀ kan ni ì bá jẹ́. Irọ́ tí mo fi bò ó ló jẹ ilé onílé run.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ránṣẹ́ pe Todd wá sílé mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó bi mí pé aago mélòó ni bàbá òun béèrè ọ̀rọ̀ náà. Mo ní aago méjì ti kọjá díẹ̀.

Ó wá ní, "Ní aago méjì, Ọ́ńkù Galen, mo ti jáde nínú mọ́tò. Mo ti gun àtẹ̀gùn dé ẹnu yàrá yẹn. Mo gbóhùn yín nínú ẹ̀, mo wá rò ó pé, ẹ jẹ́ kí n máà dí bàbá mi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́. Ni mo bá padà sísàlẹ̀."

Ó dìde, ó sì lọ. Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.