Àwọn Ọmọ Tí Òjò Kì í Dá Dúró

Lórí ìlà fọ́tókọ́pì kan ní Ibafo ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé láptọ́ọ̀pù sáyà àti ìyá tíṣà kan tó mọ̀ ọ́n.

"Mà, rẹ́jísítà ilé ìwé yín ní Magboro tí mo gbà lọ́jọ́sí, mo ti kó gbogbo ẹ̀ àti àkọsílẹ̀ òjò sínú kọ̀m̀pútà. Ó wa inú ẹ̀ bí ẹni ń wa góòlù."

"Góòlù wo ló rí?"

"Pé òjò kì í dá àwọn ọmọ Magboro dúró. Ọjọ́ tí òjò bá pọ̀ jù gan-an ni gbogbo wọn máa ń pé. Mo ti kọ ọ́ sínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi jáde ní yunifásítì pé òjò máa ń fún wọn ní ìtara."

"Ọjọ́ tí òjò bá pọ̀ báyẹn, èmi gan-an kì í dé ilé ìwé. Omi á ti gba ojú ọ̀nà. Tó bá di Fúráìdé, màá fi gbogbo wọn sí prẹ́sẹ́ǹtì nínú rẹ́jísítà, pé wọ́n wá, kí ọ̀gá má bàa yọ mí lẹ́nu. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ nìkan ni mo máa ń pe orúkọ."

"Ṣùgbọ́n mà, kọ̀m̀pútà—"

"Bírò mi ni kọ̀m̀pútà ẹ rí, ó ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lòun rí."

Mi ò tíì gbàgbé gbólóhùn yẹn. Bọ̀dá náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mà, ọ̀la ni mo fẹ́ lọ fi sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tíṣà lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí síbí."

"Kò burú. Fi èmi náà sí prẹ́sẹ́ǹtì."