Ẹ Kú Àárọ̀, Àna Mi

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè tó kọjá, mo wà lórí ìlà nídìí ẹ̀rọ omi Bẹẹrẹ, ìyàwó kan tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ àti ìyá àgbà kan tí wọn ò mọra rí ń sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Ìyá, ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yìnkùlé wa tanná lónìí."

"Háà! Òmìnira ò tíì dé, iná mọ̀nàmọ́ná ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Rárá o, òdòdó ni! Ìyá mi ló fún mi ní ẹ̀ka rẹ̀ kí wọ́n tó kú. Gbogbo ìgbà òjò, ewé lásán. Ọkọ mi ní tí ọyẹ́ bá dé tí kò tíì tanná, òun á hú u, òun á gbin ilá."

"Ọyẹ́ mà ti dé."

"Ó dé láàárọ̀ yìí, òdòdó náà sì pọ́n yòò! Ọkọ mi jáde tòun ti orín lẹ́nu, ó wò ó títí, ó wá tẹrí ba: 'Ẹ kú àárọ̀, àna mi. Ẹ mà pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé.'"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí korobá fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Fọkàn balẹ̀, ìyàwó. Ta ló ń hú àna ẹ̀ láti gbin ilá?"

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, omijé tiẹ̀ lé sí mi lójú, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. "Àna mi" yẹn kò kúrò létí mi. Èmi náà gbin òdòdó kan síwájú yàrá tí mo háyà ní Ọ̀rányàn. Kò tíì tanná, onílé mi sì ti ń pọ́n ọkọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo jáde yunifásítì lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì ní àna. Kí ni kí n kọ́ onílé mi láti máa pe òdòdó náà?