Àǹtí Ti Nu Ẹ̀rọ Náà

ÀǸTÍ: Hẹ̀lóò? Ilé ìkàwé nìyí, akọ̀wé ló ń—

ỌMỌ: Àǹtí, èmi ni! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ìgbìmọ̀ ti dé?

ÀǸTÍ: Wọ́n ti ń jókòó! Ìwọ dà? Ọkùnrin onítáì tẹ́ ẹ jọ ń du iṣẹ́ yìí ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gbà á.

ỌMỌ: Mọ́tò wa ló kú sójú ọ̀nà. Please, ẹ bá mi fi ètò tí mo kọ fún wíwá orúkọ òǹkàwé hàn wọ́n. Èyí tó bá yára jù ni wọ́n máa mú. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mi ṣì wà ní títàn, àbí?

ÀǸTÍ: Fọkàn balẹ̀. Mo pa á, mo nù ún, mo tún un tàn. Ó ń dán gbinrin.

ỌMỌ: Ẹ pa á? Yéè, mo gbé!

ÀǸTÍ: Ṣé ká fi eruku kí àlejò ni?

ỌMỌ: Àǹtí, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ètò náà, ògbufọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ń túmọ̀, á máa wọ́ bí ìgbín. Ohun tí wọ́n bá ń bi í léraléra ló máa há sórí, á wá máa sáré. Tẹ́ ẹ bá pa á—

[Ohùn ń já.]

ÀǸTÍ: Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Mo ní tẹ́ ẹ bá pa á, ó gbàgbé gbogbo ẹ̀ nìyẹn!

ÀǸTÍ: Áà! Abájọ. Mo tẹ orúkọ ara mi, ó ń wò mí bí àna tí mi ò kí.

ỌMỌ: Ẹ fún un níṣẹ́ ṣe! Ẹ máa wá orúkọ òǹkàwé nínú ẹ̀ kí Alága tó—

ÀǸTÍ: Alága ti dé ìdí ẹ̀. Dákẹ́ ná. [Àga ń dún.] Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ bá wa wò ó bóyá àwọn ọmọ-ọmọ yín wà lára òǹkàwé wa. Gbogbo wọn o, ẹ má fo ẹnì kankan!

[Kọ́... kọ́... kọ́.]

ỌMỌ: Àǹtí, orí yín pé!

ÀǸTÍ: Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Àkọ́kọ́... ó ń ronú... kò sí. Èkejì... kò sí. Bàbá yìí mà bímọ o!

ỌMỌ: Ṣó ti ń yára? Àǹtí? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÀǸTÍ: Ó ti ń sáré! Wọn ò tíì gbọ́wọ́ kúrò tó ti ń dáhùn pé kò sí. Kò séyìí tó tẹsẹ̀ bọ ilé ìkàwé rí nínú wọn! Ojú ń ti Bàbá, ẹnu wọn sì ń yìn ọ́.

ỌMỌ: Ọlọ́run ṣeun! Ti onítáì ńkọ́?

ÀǸTÍ: Láti àárọ̀ ló ti ń da ìbéèrè bo ẹ̀rọ tiẹ̀, ẹ̀rọ náà ń fò bí àṣá. Ògbufọ̀ ló wà nínú tiẹ̀ náà?

ỌMỌ: Èdè kan náà la fi kọ ọ́. Kí ló dé?

ÀǸTÍ: Kò sí o. [Àkísà ń dún lára nǹkan.] Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, eruku ti bo ẹ̀rọ yín—

ỌMỌ: Àǹtí, ẹ má ṣe é! Ìyẹn ò da—

ÀǸTÍ: Ṣé o gbọ́ mi? Èmi ò gbọ́ ọ o.

ỌMỌ: Ẹ̀ ń gbọ́ mi! Àǹtí!

ÀǸTÍ: Network yìí náà! Ọ̀gbẹ́ni, ibo ni wọ́n ti ń pa tiyín? Áà, mo ti rí i—

[Ìpè já.]